Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Bí Ọ̀pọ̀ Ènìyàn Ṣe Lè Jọ Gun Kẹ̀kẹ́ Létí Kánààlì

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere pọ̀ ju bí a ti rò lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì dá lé ohun kan ṣoṣo, èyíinì ni bí ọ̀wọ́ ènìyàn kan ṣe lè jọ gba ọ̀nà tóóró tó wà létí kánààlì láìsí ìjàǹbá, láìsí ìjà. Lẹ́tà akọ̀wé ẹgbẹ́ kan láti Sùúrùlérè la fi ṣáájú, nítorí pé òun ló mú àlàyé dání jù.

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa tí a jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́ láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú ní Sùúrùlérè ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ìgbéyàwó ọmọ alága wa. Mọ́kànlá ni wá, àwọn ẹbí ìyàwó tó ń gbé ní Peckham tí wọ́n fẹ́ bá wa jáde sì jẹ́ méje. A gbọ́ pé ọ̀nà kan wà létí Regent's Canal tó lọ láti Paddington dé Limehouse, a sì fẹ́ gbà á ní ọjọ́ kejì ìgbéyàwó, kí gbogbo wa wọ aṣọ ẹbí kan náà. Àwọn kan nínú wa yára bí àṣá, àwọn mìíràn kò sì tíì fẹsẹ̀ kan kẹ̀kẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti jáde iléèwé. Báwo ni kí á ṣe ṣètò rẹ̀? — Akọ̀wé ẹgbẹ́, Sùúrùlérè

Ẹ kú oríire ìgbéyàwó, akọ̀wé. Ọ̀nà tí ẹ yàn dára, àmọ́ ọjọ́ tí ẹ yàn kò dára. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa se ìgbéyàwó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ní Peckham, tó máa jó títí ilẹ̀ fi ń lọ mọ́, tó sì tún máa wà lórí kẹ̀kẹ́ ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Tí ẹ bá sì dúró kí ọ̀sán pọ́n lọ́jọ́ Àìkú yẹn, gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ máa bá létí omi: àwọn tó ń sáré, àwọn tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé, àwọn tó ń mú ajá rìn, àti àwọn tó jókòó sílẹ̀ tí wọ́n na ẹsẹ̀ sójú ọ̀nà tí wọ́n ń mu kọfí. Ẹ sún un di ọjọ́ Ajé, kí ẹ sì gbéra ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi ọ̀nà náà sáré lọ síbi iṣẹ́ bá ti tán lójú ọ̀nà. Ẹ kàn wò ó dáadáa kí ọjọ́ Ajé náà má bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi ìjọba, nítorí pé bí ọjọ́ Àìkú náà ni ọjọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń rí.

Ohun kejì ni iye yín. Ènìyàn méjìdínlógún kò lè rìn pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, àní bí gbogbo wọn bá tilẹ̀ jẹ́ ọ̀jáfáfá. Ibòmíràn wà tí ọ̀nà náà kò fẹ̀ ju kí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ kan àti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kọjá lára wọn lọ, omi wà lápá kan, ògiri sì wà lápá kejì. Bí ọ̀wọ́ ńlá bá já sí irú ibẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ níwájú wọn kò ní rí ibi kankan yà sí, ó sì di dandan kó máa dúró títí gbogbo wọn yóò fi kọjá. Ìyẹn kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí, pàápàá nígbà tí òfin ọ̀nà náà jẹ́ pé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ló ni ẹ̀tọ́, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ló gbọ́dọ̀ yàgò. Canal & River Trust, tí ó gba àbójútó àwọn kánààlì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ní ọdún 2012, kò gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ létí omi wọn, wọn kò sì béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ bí ìrìn bá ti di èyí tí a polongo tí a sì kó èrò lọ síbẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ fún wọn. Nítorí náà, ẹ pín ara yín sí ọ̀wọ́ mẹ́ta, ènìyàn mẹ́fà mẹ́fà, kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì wà láàárín ọ̀wọ́ kan àti èkejì. Ẹ kò ní pàdánù ẹ̀rín àti ẹ̀fẹ̀ kankan, nítorí pé lójú ọ̀nà tóóró, ẹni tó wà níwájú yín àti ẹni tó wà lẹ́yìn yín nìkan ni ẹ lè bá sọ̀rọ̀ lọ́nàkọnà.

Ibi tí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń ṣì í ṣe ni ètò inú ọ̀wọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n á fi ẹni tó yára jù síwájú nítorí pé ó mọ̀ ọ́n gùn, wọ́n á sì fi ẹni tí kò lágbára sẹ́yìn pé kó máa rọra bọ̀. Kí á tó wí, kí á tó fọ̀, ẹni ẹ̀yìn ti wà lóun nìkan, ó ń tiraka láti lé wọn bá, ìgbà tó bá sì fi máa dé ibi tí àwọn yòókù ti ń sinmi, wọ́n ti sinmi tán, wọ́n ti ń gbéra. Ẹ yí i padà. Kí ẹni tó mọ ọ̀nà ṣáájú, kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá jù wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, kí òun sì ni yóò máa pinnu bí gbogbo ọ̀wọ́ ṣe máa yára tó. Ẹni tó lágbára jù, tó sì mọ táyà tún ṣe, ni kó kẹ́yìn. Kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnikẹ́ni fún ìdí kankan. Bí àwọn tó yára bí àṣá nínú yín bá ń kùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n jáde lọ́jọ́ mìíràn láwọn nìkan.

Ọ̀nà náà gùn tó kìlómítà 14. Ní ìrìn pẹ̀lẹ́ tí mo ń wí yìí, ẹ kò ní kọjá kìlómítà mẹ́wàá ní wákàtí kan, tí ẹ bá sì ka ìdúró, fọ́tò, àti ẹni tí ṣéènì rẹ̀ bọ́ mọ́ ọn, ẹ fún un ní wákàtí mẹ́ta. Láti ìhà Paddington ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti Limehouse, nítorí pé láti Camden ni kánààlì náà ti ń sọ̀ kalẹ̀, ìlẹ̀kùn omi (ibi tí wọ́n ti ń ti omi mọ́ kí ọkọ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ tàbí gòkè) kan tẹ̀lé òmíràn, tí gbogbo ìsọ̀kalẹ̀ náà sì tó mítà 26 kó tó dé etí odò Thames. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà hàn sí ojú, ṣùgbọ́n orúnkún ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún yóò mọ̀ ọ́n. Kí ẹ kàn rántí pé níbi ìlẹ̀kùn omi kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà máa ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lójijì, òkúta rẹ̀ sì máa ń yọ̀ lẹ́yìn òjò, nítorí náà bíréèkì ni kí ọwọ́ wà lórí rẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀.

Ibi méjì wà tí ọ̀nà etí omi ti tán pátápátá tí kánààlì sì wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ. Àkọ́kọ́ ni ti Maida Vale, tí kò gùn ju nǹkan bí mítà 250 lọ, èkejì sì ni ti Islington, tí ó ju mítà 870 lọ. Níbi méjèèjì, ẹ máa gun òkè bọ́ sójú títì, ẹ máa gba àárín àdúgbò, ẹ ó sì tún sọ̀ kalẹ̀ sétí omi ní òdìkejì. Láyé àtijọ́, wọ́n á tú ẹṣin kúrò lára ọkọ̀ níbẹ̀, wọ́n á mú un gba orí ilẹ̀ kọjá, nígbà tí àwọn atukọ̀ bá dùbúlẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ti ògiri ihò náà kí ọkọ̀ lè máa lọ. Ní Islington ni ọ̀wọ́ ti sábà máa ń tú ká, nítorí pé ẹni iwájú á ti yà, ẹni ẹ̀yìn á sì máa wo fóònù. Mo gbà yín níyànjú pé kí gbogbo yín sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, kí ẹ tì í gba àdúgbò yẹn kọjá, tí ẹ bá sì gùn ún, ẹ rántí pé apá òsì ni wọ́n ń rìn nílùú Òyìnbó.

Abẹ́ afárá ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù, kì í ṣe omi. Afárá wọ̀nyí pẹ́, wọ́n rẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà níbi tí ọ̀nà ti kọ́rọ̀, tí ẹ kò fi ní rí ẹni tó ń bọ̀ títí ẹ ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara yín. Bí ẹ bá ti ń sún mọ́ ọn, ẹ lu aago kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dín eré kù, kí ẹ sì tẹ́tí: bí ẹnìkan bá wà nínú ibẹ̀, ẹ máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí aago tirẹ̀ tó ń dún padà lára bíríkì. Kí aṣáájú pariwo "Èèyàn ń bọ̀!", kí oníkálùkù sì sọ ọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ga gbọ́dọ̀ tẹrí ba, nítorí pé igun àjà afárá náà máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà ògiri, níbi tí ojora omi máa ń lé ènìyàn sún sí gẹ́lẹ́.

Ní ti kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó. Ẹ háyà rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kẹ̀kẹ́ ìgboro tó bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2010 wà káàkiri, àmọ́ wọ́n wúwo, ìrìn kúkúrú ni wọ́n sì ṣe wọ́n fún. Ilé ìtajà tó ń háyà kẹ̀kẹ́ fún odindi ọjọ́ kan ni kí àwọn ará Peckham bá yín wá, nítòsí Paddington gan-an, kí ẹ má baà máa wá bí ẹ ó ṣe gbé kẹ̀kẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Àwọn ìlà tó jìn nísàlẹ̀ kì í gba kẹ̀kẹ́ tí kò ṣeé ká. Ibi tí ẹ ti háyà rẹ̀ ni ẹ sì máa dá a padà sí, nítorí náà ẹ bi wọ́n kí ẹ tó sanwó bóyá wọ́n lè wá gbà á ní Limehouse.

Ó wá ku aṣọ ẹbí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè dá ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n bùbá àti ìró kò bá ṣéènì kẹ̀kẹ́ ṣe rárá, agbádá kò sì yẹ kó dé tòsí rẹ̀. Ẹ fi aṣọ náà rán fìlà, tàbí kí ẹ fi rán ìborùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ó so mọ́ apá. Akoto ni kó wà lórí nígbà tí ẹ bá ń gun kẹ̀kẹ́. Òfin wọn kò fi dandan lé e fún ẹlẹ́kẹ̀kẹ́, èmi ni mo fi dandan lé e fún yín. Ẹ dé fìlà nígbà tí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní Èkó níbí ni? Kánààlì kún gbogbo Gbàgádà àti Festac, síbẹ̀ orí Third Mainland Bridge ni àwọn ọ̀rẹ́ mi ń lọ láfẹ̀mọ́júmọ́. — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Yábàá

Àbúrò, kánààlì tiwa àti tiwọn yàtọ̀ láti ìpìlẹ̀. Wọ́n gbẹ́ tiwọn kí ọkọ̀ lè gbà á, ọkọ̀ náà sì nílò ẹṣin tí yóò máa fà á, èyí ló fi di dandan kí ọ̀nà wà létí rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ tiwa kí omi òjò lè rí ibi gbà lọ sínú ọ̀sà. Àní Kánààlì MacGregor tí wọ́n gbẹ́ sáàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí, tó ń jẹ́ orúkọ William MacGregor, dókítà tó ṣe gómìnà Èkó láti 1899 dé 1904, ọ̀rọ̀ àbàtà, ẹ̀fọn àti ibà ló bí i. Ilẹ̀ tí òfin ní kí ó ṣófo létí àwọn kánààlì wa, kí katapílà tó ń kó ẹrẹ̀ lè rí ibi dúró sí, ni a ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ilé pákó àti ṣọ́ọ̀ṣì sí, tí ìjọba ń wó o, tí wọ́n sì tún ń kọ́ ọ padà. Níbi tí ó bá sì ṣófo lóòótọ́, iyanrìn àti ọ̀rá tí wọ́n kó jáde láti inú omi ni wọ́n dà síbẹ̀. Mo gbà pé a lè sọ ọ́ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ kan, bí ẹni tó ń ṣàbójútó gọ́tà àti ẹni tó ń ṣàbójútó títì bá lè jókòó sí yàrá kan náà.

Ní báyìí ná, mi ò fọwọ́ sí Third Mainland Bridge fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń gun kẹ̀kẹ́ nínú ọ̀wọ́. Láti ọdún 1990 tí wọ́n ti ṣí i tán, ọkọ̀ tó ń sáré ni wọ́n ṣe é fún. Ó gùn ju kìlómítà 11 lọ, bí táyà bá sì bẹ́ láàárín rẹ̀, kò sí ibi tí ènìyàn lè yà sí. Ìkòyí ni kí ẹ lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ní Bourdillon àti Alexander, kí ẹ dé orí afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2013, níbi tí àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá ti máa ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ fi ń retí yín. Ẹ dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó gbéra, ìyẹn nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ní oṣù Okúdu, àti aago méje ní oṣù Ṣẹẹrẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ bí a ti ń gba ọ̀nà tóóró, ẹ wá pápá iléèwé tó ṣófo, kí ẹ fi ẹfun fa ìlà méjì tí mítà kan wà láàárín wọn, kí ẹ sì máa gun kẹ̀kẹ́ láàárín rẹ̀ láìtẹ ìlà. Ẹ ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí pé ẹni tó ń sáré kì í tẹ ìlà, ẹni tó ń rọra lọ ló ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Mo sọ èyí fún akọ̀wé Sùúrùlérè náà: kí gbogbo mọ́kànlá ṣe é kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá wà lára àwọn tó ń lọ gun kẹ̀kẹ́ létí omi ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó mọ kẹ̀kẹ́ gùn ju bàbá rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò mọ omi wẹ̀. Oorun kò kùn mí mọ́. — Ìyá ọmọ mẹ́ta, Èbúté Mẹ́ta

Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá wa, àmọ́ ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ náà jáfara. Omi kánààlì náà kò jìn púpọ̀, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni kò kọjá àyà àgbàlagbà, kò sì ní agbára ìṣàn bí odò. Òtútù rẹ̀ ló burú, nítorí pé ó máa ń gba èémí lọ́wọ́ ènìyàn lójijì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ẹrẹ̀ tó ń fa ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, kí ọmọ náà wà láàárín àgbàlagbà méjì, kó máa rìn ní ìhà ògiri tàbí koríko, kó sì sọ̀ kalẹ̀ tì í ní abẹ́ gbogbo afárá, bí àwọn tó kù kò bá tilẹ̀ sọ̀. Ẹ sọ fún un pé bí ara kẹ̀kẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí ó fi í sílẹ̀ kó ṣubú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń bọ́ sómi nítorí pé wọn kò fẹ́ ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Bí omi náà bá kàn án lára, pàápàá lójú egbò, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ wẹ̀ ẹ́, nítorí ìtọ̀ eku máa ń wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀, àrùn kan sì wà tó ń gba ibẹ̀ wọ ara. Bí ibà bá mú un láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún dókítà pé ó ti wọ omi kánààlì, kí wọ́n má baà rò pé ibà ẹ̀fọn lásán ni.

Mo rántí ọjọ́ kejì oṣù Igbe ọdún 1972, tí a kúrò ní apá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún lójú títì gbogbo Nàìjíríà. Ìbéèrè mi ni pé, lójú ọ̀nà etí omi ní ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, apá wo ni kí ènìyàn gbà? Ọmọ mi ní kò sí òfin. — Bàbá àgbà kan, Láfíàjì

Ẹ ṣé, bàbá. Ọmọ yín kò jìnnà sí òótọ́. Ọ̀nà ẹṣin ni láti àtètèkọ́ṣe, kò sì sí ìlà kankan láàárín rẹ̀. Wọ́n máa ń gba apá òsì bí ó bá ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹnìkan bá ń bọ̀, ẹ dúró, kí ẹ wo ibi tó fẹ́ gbà, kí ẹ sì fún un. Bí ẹ bá dé Macclesfield Bridge ní Regent's Park, ẹ wo àwọn òpó irin tó gbé e dúró dáadáa, ẹ ó rí ibi tí okùn àwọn ẹṣin ti gé wọ inú irin bí ẹni fi ayùn rẹ́ ẹ. Ojú méjèèjì òpó náà ló ní irú àpá yìí. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1874, ọkọ̀ kan tó kó ẹ̀tù bú gbàmù lábẹ́ afárá náà, ó pa àwọn atukọ̀ mẹ́ta, nígbà tí wọ́n sì ń tún un kọ́, wọ́n yí àwọn òpó àtijọ́ náà padà, okùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ojú kejì.

Àtúnṣe kẹ̀kẹ́ ni iṣẹ́ mi. Àwọn oníbàárà mi méjì ń lọ sí ìrìn yìí. Kí ni kí n dì fún wọn? — Oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ kan, Múṣin

Ọ̀gá, ẹ dì fún wọn rọ́bà inú méjì tó bá táyà wọn mu (kí wọ́n béèrè ìwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń háyà kẹ̀kẹ́ fún wọn kí wọ́n tó gbéra), irin ìyọtáyà mẹ́ta, pọ́ǹpù kékeré, gọ́ọ̀mù àti rọ́bà pélébé tí wọ́n fi ń lẹ ihò. Ẹ̀gún ni wọ́n máa bá pàdé jù, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé igbó etí ọ̀nà, ẹ̀gún náà sì máa ń fara pamọ́ sínú táyà. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n fi ìka wá a yípo nínú táyà kí wọ́n tó fi rọ́bà tuntun sí i. Kò sí fọganáísà létí omi yẹn.

Bí ẹnìkan bá ti sanwó háyà kẹ̀kẹ́ tó sì yẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, ṣé kí á dá owó rẹ̀ padà? — Akápò kan, Ìkòyí

Rárá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé ìpàdé kí ẹnikẹ́ni tó mú kọ́bọ̀ wá, kí ẹ sì kà á sókè.